Ìkòkò Ẹ̀wà Tí Kò Lẹ́ran

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé iyọ̀ ló tú ilé ẹ̀gbọ́n mi ká, ẹ̀yìn ni n ó kọ sí olúwarẹ̀. Èmi wà nílé ìdáná lọ́jọ́ náà láti àárọ̀ títí wọ́n fi gbé àwo sórí tábìlì. Gbogbo rẹ̀ ló ṣojú mi, inú sì ń bí mi títí dòní.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Màmá Alásè ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ilé ìdáná ilé ìwé ńlá kan ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìkòkò tí ọmọdé lè wẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń se ẹ̀wà níbẹ̀. Èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ni mò ń pè é, torí ó wọlé wá bá mi ni. Ọmọdébìnrin tí ikun ń dà nímú ni mí nígbà náà, síbẹ̀ ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “Ọkọ mi, ẹ kú ilé o.” Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di ọkọ tí kì í mú nǹkan kan wálé àfi ebi. Títí a fi dàgbà, a jọ ń pe ara wa ní “ẹ̀yin” ni, bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ọkọ rẹ̀ gangan, káfíńtà ni. Bàbá Tépù ni àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ sọ ọ́, torí tépù tó fi ń wọn pákó kì í kúrò lápò rẹ̀, ì báà jẹ́ aṣọ òde ló wọ̀. Kì í gé pákó láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá rán an ní búrẹ́dì, yóò to méjì síra wọn ná kó tó mú èyí tó gùn jù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n má ṣe sọ fún un pé nǹkan “tó báyìí náà.” Ìjà nìyẹn.

Àìsàn kan ló kọ́kọ́ dé. Ibà mú ìyàwó mi, ọ̀fìnkìn sì dì í nímú fún ìgbà pípẹ́. Ara rẹ̀ yá, ó padà sídìí ìkòkò, ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn náà ti kó nǹkan lọ. Kò gbóòórùn mọ́. Kò mọ adùn yàtọ̀ sí ìkorò mọ́. Iyọ̀, ṣúgà àti iyanrìn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lórí ahọ́n rẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan àfi ọkọ rẹ̀. Èmi náà kì bá tí mọ̀, àfi ọjọ́ tí mo bá a tó ń mu wàrà tó ti kan, tó ń mu ún bí ẹní mu omi. Mo pariwo. Ó fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu.

“Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí. Alásè tí kò mọ iyọ̀, kí ló kù tó ń jẹ́?”

Mo bò ó. Kò pẹ́ sígbà náà ni mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi pàápàá ní àṣírí tirẹ̀. Ó ń gbàgbé. Kì í ṣe ìgbàgbé tí gbogbo àgbà ń gbàgbé, ká fi gíláàsì sójú ká tún máa wá a kiri ilé. Ó jáde lọ ra ìṣó lọ́jọ́ kan, ó dúró sójú pópó, kò mọ ibi tó ń lọ, kò sì mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló lọ fà á lọ́wọ́ wálé, tó ń bá a sọ̀rọ̀ bọ̀ lójú ọ̀nà bí ẹni pé wọ́n jọ lọ ṣeré ni.

Ohun tí àwọn méjèèjì wá ń ṣe nìyí. Obìnrin di iyè ọkọ rẹ̀, ọkùnrin di ahọ́n ìyàwó rẹ̀. Bí àlejò bá kanlẹ̀kùn, ìyàwó mi ni yóò sáré ṣí i, yóò sì kígbe láti ẹnu ọ̀nà pé, “Ẹ̀yin Télọ̀! Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n ń bẹ nílé!” kí ẹ̀gbọ́n mi lè ti mọ ẹni tí òun fẹ́ kí kó tó rí ojú rẹ̀. Tó bá sì di ìdí ìkòkò, ẹ̀gbọ́n mi ní àpótí kékeré kan tó ń jókòó lé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Yóò na àtẹ́lẹwọ́, ìyàwó rẹ̀ yóò kán ọbẹ̀ sí i, yóò lá a, yóò dijú. Bí iyọ̀ bá kù, yóò fi àtàǹpàkò ra ìka. Bó bá tó, yóò kan férémù ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, gbì. Kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá wà nítòsí yóò rò pé eré arúgbó ni. Èmi náà ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ rí, mo ní ìfẹ́ yín ti ń di ti ọmọdé.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni gbogbo ọmọ ilé náà máa ń kó wálé wá jẹun ọ̀yàyà pọ̀. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, oúnjẹ náà ti di ìdánwò. Àkọ́bí wọn, ọkùnrin, òṣìṣẹ́ báńkì, ti pàdé bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń béèrè ọ̀nà ilé ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn. Ó wálé wá bá ìyá rẹ̀. Ó ní òun àti àbúrò òun tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ti fi ọ̀rọ̀ náà jomi tooro ọ̀rọ̀. Kí Bàbá máa bá Nọ́ọ̀sì lọ sí ìlú tó ń gbé, torí ilé ìwòsàn kò jìnnà síbẹ̀. Kí Màámi wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Yàrá kékeré kan ṣoṣo ló ṣófo nílé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, kò sì sí èyí tó lè gba àwọn méjèèjì.

Inú bí ìyàwó mi. Ó ní, “Ta ló sọ fún yín pé a ò lè tọ́jú ara wa? Ẹ wá jẹun ọdún yìí ná. Bí ẹ bá rí ohun kan tó wọ́ nínú ilé yìí lọ́jọ́ náà, ẹ ṣe wá bó ṣe wù yín.”

Àkọ́bí ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò yẹ kó sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á padà?

Bí ọjọ́ ṣe ń súnmọ́, Àbíkẹ́yìn wọn tẹ ìyá rẹ̀ láago. Ìyá rẹ̀ fi fóònù náà sí gbangba kí èmi náà lè gbọ́.

“Màámi, àfẹ́sọ́nà mi àti ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá bá wa jẹun lọ́jọ́ náà o. Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ ẹran.”

“Ìyẹn ò le. Màá se ẹja fún wọn.”

“Wọn kì í jẹ ẹja.”

“Ẹyin ńkọ́?”

“Wọn kì í jẹ ẹ́.”

N kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, “Ṣé ara wọn ni ò yá ni, àbí ta ló bá wọn jà?”

“Àǹtí, ara wọn le koko. Ohun tó bá ti mí rí, wọn kì í jẹ ẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi ẹran se tiwọn o, wọ́n á mọ̀.”

Èmi ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo wo ojú ìyàwó mi ni ẹ̀rín gbẹ mí lẹ́nu. Láti ìgbà tí ahọ́n rẹ̀ ti kú, ẹran ló fi ń mọ̀nà. Yóò gbé ẹran lọ́wọ́, ọwọ́ yóò sọ bó ṣe wúwo tó, ọwọ́ náà ni yóò sì bu iyọ̀ tó yẹ ẹ́. Omi ẹran yẹn ni yóò fi se ọbẹ̀, iyọ̀ ọbẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ilé ìwé ló ti kọ́ ọwọ́ náà, ọwọ́ kò sì ṣàìsàn. Ahọ́n ọkọ rẹ̀ kàn ń bá a jẹ́rìí sí i ni. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí kò lẹ́ran nínú rárá, kò sè é rí. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ahọ́n ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kù tí yóò gbára lé, ẹ̀gbọ́n mi tí kì í rántí ohun tó jẹ láàárọ̀.

Síbẹ̀, ẹ bá mi kí i. Lọ́jọ́ náà, ó ya ìkòkò àwọn àlejò sọ́tọ̀, ó ya ṣíbí wọn àti ọ̀bẹ wọn sọ́tọ̀, ó sì so àkísà pupa mọ́ etí ìkòkò náà kí ẹnì kan má baà ṣèèṣì ti ṣíbí ẹran bọ̀ ọ́. Èmi ni mo gé kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì. Ó ní mo gé e bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Ọbẹ̀ ẹran tiwa jiná, ó ń ta sánsán. Ẹ̀gbọ́n mi lá a, ó kan férémù gbì. Ìrẹsì jiná. Ó wá ku ìkòkò alákìísà pupa, ẹ̀wà tí ó fi olú àti tòmátì sè.

Ó kán an sí ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi lá a, ó fi àtàǹpàkò ra ìka. Ìyàwó mi bu iyọ̀ sí i, ó rò ó, ó dé e. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún kán an sí i lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi tún ra ìka. Ó bu iyọ̀ sí i. Ẹyẹ kan bà sórí ògiri àgbàlá, ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí i, ó wò ó títí. Nígbà tó padà yíjú sí wa, ó na àtẹ́lẹwọ́ fúnra rẹ̀, bí ẹni tí wọn kò tíì fún ní nǹkan kan tọ́ wò láti àárọ̀.

Ìyàwó mi wò ó. Ó kán an sí i. Ó lá a, ó ra ìka.

“Kí la ń sè gan-an?” ẹ̀gbọ́n mi bi í.

“Ẹ̀wà ni, Bàbá wọn. Ẹ̀wà àti olú.”

“Ẹran ńkọ́?”

“Kò sí ẹran níbẹ̀.”

“Ẹn-ẹ́n! Mo ní nǹkan kan kù níbẹ̀.” Inú rẹ̀ dùn pé òun ti rí i.

Mo mú ṣíbí. Mo ní, “Ìyàwó mi, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu kàn án.” Ó dé ìkòkò, ó sì fi ọwọ́ lé ìdérí. Kì í ṣe èmi ló ń wò, ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Ó ní, “Ẹ fi sílẹ̀, ọkọ mi. Ẹni tó ni iṣẹ́ ti tọ́ ọ wò.”

Ohùn tó fi sọ ọ́ ló mú kí n gbé ṣíbí sílẹ̀. Bí èmi bá tọ́ ọ wò níbẹ̀ tí mo ní iyọ̀ ti pọ̀ jù, a jẹ́ pé a sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lójú ara rẹ̀ pé kò wúlò mọ́. Ayùn ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún un nìyí, obìnrin yìí kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkòkò yóò bàjẹ́ sí i. Ó bu iyọ̀. Ó tún bù ú. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi kan férémù gbì. Kò tilẹ̀ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kẹrin yẹn. Ó kàn rí i pé a ń retí nǹkan lọ́wọ́ òun ni.

Àwọn àlejò dé. Ìyàwó mi kígbe lẹ́nu ọ̀nà, “Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ìyá ọkọ ọmọ wa!” Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó dìde, ó kí wọn bó ṣe yẹ, ó tilẹ̀ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo rí Àkọ́bí tó ń wo bàbá rẹ̀, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ rọ̀. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe gbàdúrà nínú mi.

Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ìyá àfẹ́sọ́nà náà, ọlọ́yàyà, gbogbo nǹkan ló ń rẹ́rìn-ín sí. Ó bu ẹ̀wà sẹ́nu. Ẹ̀rín náà kò lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ dúró. Ó gbé e mì, ó mu omi. Ó tún bu díẹ̀, ó tún mu omi, kọ́ọ̀pù rẹ̀ sì gbẹ. Ọmọ rẹ̀ ń fi ṣíbí tú ẹ̀wà tirẹ̀ kiri inú àwo bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

“Ṣé ó bá yín lẹ́nu mu?” Àbíkẹ́yìn bi wọ́n.

“Ó dùn gan-an ni, ẹ ṣeun,” ìyá náà wí. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Àkọ́bí kì í rí oúnjẹ ẹlòmíì kó má ṣojúkòkòrò, ìwà rẹ̀ láti kékeré ni. Ó na ṣíbí, ó bu ẹ̀wà náà. Kíá ló tu ú sí àtẹ́lẹwọ́.

“Màámi! Iyọ̀ ẹ̀wà yìí!”

Ìyàwó mi kò mọ̀ bóyá ó pọ̀ ni tàbí ó kéré ni. Mo rí i tó ń wá a lójú wa, tó ń wo ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì, kò sì rí i. Ló bá ṣe ohun tí mo rò pé ẹnikẹ́ni yóò ṣe. Ó fa àwo náà mọ́ra, ó bu ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ṣíbí, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì gbé e mì. Ó bu òmíràn. Ojú rẹ̀ kò yí padà rárá.

“Iyọ̀ kí ni?” ó wí. “Kò sí ohun tó ṣe é. Ó dùn.”

Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Nọ́ọ̀sì rọra gbé ṣíbí tirẹ̀ sílẹ̀. “Màámi,” ó ní, “láti ìgbà wo?” Ìyá rẹ̀ tún bu ẹ̀wà sẹ́nu. Mo fẹ́ gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ara mi kò gbé e.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ lu tábìlì. Ó ní, “Kí lẹ ń yọ ọ́ lẹ́nu fún? Èmi ni mo tọ́ ọ wò! Gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ń sè nílé yìí, èmi ni mò ń tọ́ ọ wò. Bí ẹ bá ní ẹjọ́, èmi ni kí ẹ bá rò ó.” Ó sọ ọ́ bí ọkùnrin. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Àkọ́bí rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀. Ó nawọ́ sí àwo ẹ̀wà. “Bàbá, ṣé ẹ tọ́ èyí wò?”

Ẹ̀gbọ́n mi wo àwo náà. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó sì bi í jẹ́jẹ́ pé, “Ṣé mo ti tọ́ ọ wò?”

“Ẹ ti tọ́ ọ wò, Bàbá wọn,” ìyàwó mi wí. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ìyá àfẹ́sọ́nà ní ká má jẹ́ kó dùn wá, pé ìrẹsì náà tó àwọn í jẹ. Èèyàn dáadáa ni. Kò bá ọmọ wa wí, ìgbéyàwó náà kò sì yẹ̀, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n lákòókò yẹn, mo fẹ́ kó dákẹ́.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, wọ́n jókòó lé ọ̀rọ̀. Mo ní, “Ẹ gbọ́ tèmi, èmi tí mo jẹ́ bàbá yín lóbìnrin. Ohun tí bàbá yín kò mọ̀ mọ́, ìyá yín ń mọ̀ ọ́n fún un. Ohun tí ìyá yín kò mọ̀ lẹ́nu mọ́, bàbá yín ń mọ̀ ọ́n fún un. Bí ẹ bá pín wọn, ààbọ̀ ààbọ̀ lẹ máa gbé lọ.”

Àkọ́bí kò bínú sí mi. Ó ní, “Àǹtí, ọjọ́ tí Bàbá bá ṣí gáàsì tí wọ́n gbàgbé, tí Màámi ò sì gbóòórùn rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ọ̀dọ̀ yín ni kí wọ́n wá máa gbé?” Yàrá kan ni mò ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, orúnkún èmi gan-an ń bá àtẹ̀gùn jà. Bó bá jẹ́ ìkà ni wọ́n, mo mọ bí n ó ṣe bú wọn. Ọmọ gidi ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn àwọn òbí wọn, ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn.

Ìyàwó mi kò jiyàn. Òun ló sọ pé bí wọ́n bá rí ohun tó wọ́, kí wọ́n ṣe bó ṣe wù wọ́n. Òun náà ló di ẹrù ọkọ rẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ bó ṣe máa ń fẹ́ kí wọ́n ká a, ó sì ń sọ fún Nọ́ọ̀sì pé ẹsẹ̀ òsì ni ó máa ń kọ́kọ́ ki bọ bàtà, bí ẹ bá fún un ní ti ọ̀tún ṣáájú, yóò dàrú mọ́ ọn lójú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ọkọ̀ méjì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi wọ ti Nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn. Ó sún títí ó fi kan ilẹ̀kùn kejì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu àyè tó ṣẹ́kù lórí ìjókòó, ó sì wo ìyàwó rẹ̀ pé kó bọ́ sí i. Ìyàwó mi dúró sílẹ̀, ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

“Ẹ máa lọ, Bàbá wọn. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn.”

“O ò ní pẹ́?”

“N ò ní pẹ́.”

Ó ti ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé wọn kò tíì rìn jìnnà tí bàbá rẹ̀ fi gbàgbé orúkọ òun, tó sì gbàgbé ibi tí àwọn ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dúró ra epo, tí òun fẹ́ gbé báàgì sórí ìjókòó ẹ̀yìn, bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ dí i. Ó ní kó má gbé nǹkan síbẹ̀, ẹnì kan ń bọ̀ wá jókòó.